Omi Mọ Ibi Tó Dé Rí

“Kò ní débẹ̀! Mo ní jẹnẹrétọ̀ yìí kò ní dé ẹ̀gbẹ́ yàrá yín! Àbí ẹ̀yin nìkan ni Alájì gbé níyàwó ni?”

Ohùn Ṣàmsíátù, ìyàwó kékeré Alájì Sùrájù, ló ń dún bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé títí dé títì Natako ní Lokoja. Ká ní ó mọ ohun tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ fà wọlé lọ́jọ́ náà ni, ì bá ti fi etí ìborùn di ẹnu ọ̀hún pa. Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kí ènìyàn rí iwájú. Owú ti bo obìnrin yìí lójú pátápátá, kò sì mọ̀ pé kòtò tí òun ń gbẹ́ fún ìyálé òun, ẹsẹ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà lórí ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi tapólì bò ó. Alájì, tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Obajana, ló rà á. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà. Díísẹ̀lì ló ń mu, bí Nẹ́pà bá sì mú iná lọ, á tan ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nítorí yàrá yìnyín ti Kàrímọ́tù, ìyálé ilé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Huda, ni Alájì ṣe rà á. Ẹja odò ni Kàrímọ́tù ń tà. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, ẹja á rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òwò ẹja yìí náà ló sì gbé Alájì dìde nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣófo, ṣùgbọ́n Ṣàmsíátù kì í fẹ́ gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn rárá.

“Ìyàwó, èmi kọ́ ni mo ní kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ,” Kàrímọ́tù dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. “Àmì omi ni kò gbà. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tìrẹ rẹlẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n máa gbé e lé gbọ́dọ̀ ga ju àmì omi lọ. Lọ́dọ̀ tèmi, ìbàdí ló máa dé. Lọ́dọ̀ tìrẹ, àyà ni, á sì dí fèrèsé rẹ pa. Níbo lo ti máa rí atẹ́gùn?”

“Àmì omi! Àmì omi! Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé yìí mọ́ àfi àmì omi!”

Ẹni tó bá ń gbé Lokoja mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún tí odò méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ kún tí wọ́n wọ ilé onílé, omi dúró lára ògiri pẹ́ títí, nígbà tó sì fà, ó fi ìlà rúsúrúsú kan sílẹ̀ tí ọṣẹ kò lè fọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí ilẹ̀ Natako kò tẹ́jú. Ní ilé Alájì, ara ògiri gígùn ẹ̀yìnkùlé ló wà, láti ẹ̀gbẹ́ ìyálé dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó. Ìyá Alájì, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ti kìlọ̀ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kun ojú rẹ̀. Alájì wà ní ìdálẹ̀ lọ́dún náà. Kàrímọ́tù nìkan ló pọn ìyá arúgbó náà sẹ́yìn, tó ń wọ́ inú omi tó mù ún dé àyà lọ, títí tó fi gbé e dé inú ọkọ̀ apẹja.

Kò sí àlejò tí wọn kì í sọ ìtàn yìí fún. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní, “Wò ó, ibi tí omi dé nìyí nígbà tí Kàrímọ́tù pọn ìyá.” Ṣàmsíátù á gbé àwo tí àlejò fi jẹun, á máa fọ̀ ọ́, á máa kùn sínú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni òun lọ́dún náà! Níbo ni òun ì bá ti rí ìyá ọkọ pọ̀n? Bó bá ń gé ẹ̀fọ́, ìlà ń wò ó. Bó bá ń sá aṣọ, ìlà ń wò ó. Ó jowú Kàrímọ́tù, ó jowú òkú ìyá ọkọ, ó wá ń jowú ìlà lásán-làsàn lára ògiri! Ẹ ò rí i bí owú ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn di ẹlẹ́yà?

Alájì gbọ́ ariwo náà títí, ó bínú dìde.

“Ó tó! Ṣàmsíátù, pa ẹnu rẹ dé! Ìyá Huda ló mọ omi, ohun tó bá sọ labẹ gé. Mo ń lọ sí Obajana. Kí n padà wá bá jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́.”

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ṣàmsíátù dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ètè ara rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n pe Kàrímọ́tù láti Ìlọrin pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, kó tètè máa bọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì pe orogún rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ìyàwó, jọ̀ọ́. Mùkáílà tó fẹ́ da kọnkéré ń bọ̀. Èmi ò sí ńlé. Ìwọ ni kó o fi àmì omi hàn án. Má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ jù. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyálé mi. Kí Ọlọ́hun fún ìyá wa ní àlàáfíà. Ẹ kí wọn o!”

Ẹnu dídùn! Ọkọ̀ Kàrímọ́tù kò tíì jìnnà tí Ṣàmsíátù fi ránṣẹ́ ra ẹfun, tó pò ó sínú garawa. Góòmù tí wọ́n máa ń dà sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa, kò dúró wá a. Níbo ni sùúrù wà? Ó so gèlè mọ́rí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kun ògiri náà láti òpin dé òpin, ó pa á lẹ́ẹ̀mejì, títí ojú ìlà fi wọmi. Nígbà tó gbẹ, ó bu ẹrẹ̀ odò, ó fi omi là á, ó sì fa ìlà mìíràn tó rẹlẹ̀ gan-an, kò ju orúnkún lọ. Ó fi àkísà ra á lójú kó lè dà bí ohun àtijọ́.

Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ẹlẹ́yìn agbára! Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tẹ́ ẹ ó tún pọ̀n!”

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá sọ ìyẹn fún Ṣàmsíátù lọ́jọ́ náà kó gbà?

Mùkáílà dé pẹ̀lú yanrìn àti òkúta. Gbogbo ẹni tó ń da kọnkéré ní ìsàlẹ̀ Lokoja ló máa ń béèrè ohun kan kí wọ́n tó wọn ilẹ̀, òun náà sì béèrè rẹ̀.

“Hájíà, ẹ kú ilé o. Àmì omi yín dà?”

“Òun nìyẹn.” Ṣàmsíátù na ìka sí ìlà ẹrẹ̀.

Mùkáílà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ họ orí. “Eléyìí náà ni? Ti ilé tó kọjú sí yín ga jù báyìí lọ dáadáa.”

“Ṣé ilé wọn ni ilé wa? Kọnkéré lo wá dà ni, àbí o wá kọ́ mi ní ilé ọkọ mi?”

“Ẹ má bínú, Hájíà. Ẹ̀yin lẹ nilé. Èyí tẹ́ ẹ bá fi hàn mí ni màá tẹ̀lé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe da kọnkéré rúgúdú kan sábẹ́ fèrèsé Ṣàmsíátù, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé e, wọ́n fi ìdè irin dè é mọ́lẹ̀. Wáyà kan lọ sí yàrá yìnyín, ìyókù wọ inú ilé, àpótí tí ń pààrọ̀ iná sì wà lára ògiri yàrá Ṣàmsíátù gan-an. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí Alájì dé, àfi bí ẹni pé Nẹ́pà ń dúró dè é. Iná lọ fìì, gbogbo ilé dákẹ́, lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ hún, iná sì tàn. Alájì pariwo, “Àlàáhù Àkíbárù!” Ó sáré wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì rí ògiri funfun báláú.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Alájì mi. Mo ní kí ohun tuntun yín má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dídọ̀tí.”

“O káre! Ṣùgbọ́n kí ló gbé e dé ẹ̀gbẹ́ tìrẹ? Ìyá Huda kọ́ ló ní kó wà lọ́dọ̀ òun?”

Ṣàmsíátù kúnlẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀. “Òun náà ló yí i padà kó tó lọ. Ó ní èéfín rẹ̀ á ba ẹja jẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì omi hàn mí, òun nìyẹn, mi ò jẹ́ kun ojú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyá wa.”

Alájì wo ìlà náà, ó mi orí. Ẹ bi ọkùnrin tó ń sun ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó mọ ibi tí ìlà wà lára ògiri ìdáná! Ìtàn ìlà náà ló mọ̀, kò mọ ìlà. Ó gbà á gbọ́, ó sì ra yẹtí wúrà fún un nítorí ògiri tó kùn.

Ìyá Kàrímọ́tù kú ní Ìlọrin. Alájì lọ kí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró nídìí òkú kó máa sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀? Kàrímọ́tù dúró ti àwọn ẹbí rẹ̀. Ní Natako, Ṣàmsíátù tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó fi yẹtí wúrà sétí, ó jókòó sẹ́nu fèrèsé. O lè rò pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Rárá o! Gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Áà, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Huda ti dé! Ìyá Huda kú oríire o!” Lábẹ́ fèrèsé òun! Ara rẹ̀ á gbóná, á ti fèrèsé gbàgà.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìròyìn dé pé wọ́n ti tú omi tí wọ́n sé lókè odò sílẹ̀, odò sì ń wú. Alájì sáré ti Obajana dé, ó kó Ṣàmsíátù lọ sí ilé Màrdíyà, ẹ̀gbọ́n Alájì lóbìnrin, ní ìsàlẹ̀ òkè Pátì. Kàrímọ́tù náà ti Ìlọrin dé, ibẹ̀ ló gbà lọ tààrà, kò tilẹ̀ fojú kan Natako. Ṣàmsíátù ti to àwọn aṣọ lẹ́ẹ̀sì tó ń tà sórí àpótí kó tó jáde, àpótí tó ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé irọ́ tó pa ti di òótọ́ lójú òun gan-an.

Ìròyìn burúkú dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Omi ti wọlé. Aládùúgbò kan tó fi ọkọ̀ apẹja kọjá sọ pé bí Nẹ́pà ṣe mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbìyànjú láti tan ara rẹ̀ nínú omi, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dákẹ́. Gbogbo ẹja inú yàrá yìnyín ti léfòó.

Alájì kọjú sí Kàrímọ́tù nínú pálọ̀ Màrdíyà, iṣan ọrùn rẹ̀ le gan-an.

“Ìwọ ni! Ìwọ lo mọ omi! Èmi ní kó o tọ́jú iṣẹ́ mi, o wá fi àmì ìsàlẹ̀ hàn wọ́n!”

“Àmì ìsàlẹ̀ kẹ̀?” Kàrímọ́tù dìde. “Alájì, àyà ni àmì omi dé lọ́dọ̀ Ṣàmsíátù. Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀?”

“Mo fi ojú mi rí i! Orúnkún ló wà!”

Ṣàmsíátù fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Òun ló fi hàn mí! Ó fẹ́ kó rì sábẹ́ fèrèsé mi kẹ́ ẹ lè kórìíra mi! Ìkà! Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ̀ ń ṣe bí àdàbà, inú yín dúdú ju ìkòkò lọ!”

“Ṣàmsíátù, bẹ̀rù Ọlọ́hun,” ni Kàrímọ́tù wí.

“Mo bẹ̀rù rẹ̀! Wàláhì! Bí mo bá parọ́, kí omi tó wọlé yìí gan-an jẹ́rìí takò mí!”

Màrdíyà di etí mú. Alájì fọwọ́ lu tábìlì.

“Mo ti gbọ́. Ẹni tó rì mí sínú omi kò ní bá mi gbélé. Kàrímọ́tù, bí omi bá ti fà, wá kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ sí Ìlọrin!”

Ìlọrin tí ìyá rẹ̀ kò sí mọ́! Kó fi ilé tó ti bímọ, tó ti pọn ìyá ọkọ jáde nínú omi, sílẹ̀! Omijé dà lójú Kàrímọ́tù, ṣùgbọ́n kò búra, kò ṣépè. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

“Ó dára, Alájì. Omi mọ ibi tó dé rí.”

Nígbà tí omi fà, Màrdíyà ní kò sẹ́ni tí yóò lé ìyàwó nínú ilé tòun, kí gbogbo wọn lọ sí Natako. Òun náà tẹ̀lé wọn. Wọ́n ti pe Mùkáílà kó wá hú jẹnẹrétọ̀. Ṣàmsíátù ló ṣáájú, ó ká ìró sókè nínú ẹrẹ̀, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ó ti pinnu ohun tó máa fi yàrá yìnyín ṣe: ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀sì ni, pẹ̀lú dígí ńlá lójú rẹ̀.

Ó yà sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan gírí mọ́lẹ̀.

Ẹfun ti bọ́! Èyí tí kò ní góòmù! Omi ti fọ ti ìsàlẹ̀ dànù, ọ̀rinrin sì ti gun ògiri lọ, ó ń ṣí ìyókù bí èèpo ẹyin. Ìlà ẹrẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà kò sí mọ́. Ìlà omi tuntun wà níbẹ̀, ó ṣì tutù. Lókè rẹ̀, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ìlà àtijọ́ dúró rúsúrúsú, gbọọrọ, láti ẹ̀gbẹ́ ìyálé dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn. Ó sáré lọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ àti ìró rẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má wá! Ẹ má wá o! Ejò wà níbí!”

“Ejò?” Màrdíyà kò tilẹ̀ dúró. “Bí ejò bá wà níbẹ̀, kí lò ń fẹ̀yìn tì í sí?” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á kúrò. Ẹ̀yìn aṣọ Ṣàmsíátù funfun fún ẹfun, ògiri tó fẹ̀yìn tì sì fi ìlà hàn kedere.

Alájì sún mọ́ ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìlà àtijọ́, ó wo ẹ̀gbẹ́ Kàrímọ́tù níbi tí kọnkéré ìbá wà. Ká ní ibẹ̀ ni, ká ní wọ́n tẹ̀lé àmì, omi kì bá tí kan jẹnẹrétọ̀ náà rárá.

“Mùkáílà,” ni Alájì wí jẹ́jẹ́, “ìlà wo ni wọ́n fi hàn ọ́?”

“Alájì, èyí tí wọ́n fi hàn mí kò sí níbí mọ́. Orúnkún ló wà. Hájíà kékeré ló na ìka sí i.”

“Ta ló kun ògiri yìí?” Ó yíjú, ojú rẹ̀ bọ́ sára yẹtí wúrà tó ń dán létí Ṣàmsíátù. “Áà! Èmi náà! Wúrà ni mo fi yìn ọ́ fún un!”

“Ìyálé… Ìyálé ló ní kí n kùn ún!”

“Irọ́!” Màrdíyà jágbe. “Ta ni yóò ní kí wọ́n kun ohun tí ìyá mi ní kí a má kùn? Ẹni tó pọ̀n ọ́n? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a! O ní kí omi jẹ́rìí, ṣé o ò rí i pé ó ti jẹ́rìí?”

Ṣàmsíátù ṣubú lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ohun tó ti ń pa mọ́ sínú láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà tú jáde.

“Èmi ni! Èmi ni mo kùn ún! Ọ̀rọ̀ omi, Kàrímọ́tù! Ọ̀rọ̀ ìyá, Kàrímọ́tù! Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé mi, wọ́n tún ní ti Ìyá Huda ni! Ta ló ń dárúkọ èmi nínú ilé yìí? Ta ló ń dárúkọ mi?”

Alájì wólẹ̀ níwájú Kàrímọ́tù, pẹ̀lú agbádá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Ìyá Huda, mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí.”

“Ẹ dìde, Alájì. Ìyá yín ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Àwọn ló ní ká má kùn ún.” Ó sì wọlé lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja jíjẹrà dànù.

Alájì kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó rì í sínú omi kò ní bá a gbélé. Ṣàmsíátù wọ yàrá rẹ̀ láti lọ kó ẹrù, ṣùgbọ́n ẹrù wo? Àpótí tó ga ju orúnkún lọ díẹ̀ ti dojú dé, lẹ́ẹ̀sì ti di ẹrẹ̀. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé jáde, ó gba ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ. Ọkọ̀ ló wọ̀ láàárín ọ̀sán, gbogbo Natako sì ń wò ó.

Wọ́n da kọnkéré tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yìnyín, ó ga dé ìbàdí. Mùkáílà tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀, ó sá a gbẹ, ó tún un ṣe, ó sì tún ń tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ. Ìlà méjì ló wà lára ògiri báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì kun ọ̀kankan nínú wọn.

Bí àlejò bá jẹun tán, wọ́n á mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á fọwọ́ kan ti òkè, wọ́n á ní, “Ọdún tí Kàrímọ́tù pọn ìyá nìyí.” Wọ́n á fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, wọ́n á ní, “Ọdún tí omi jẹ́rìí takò Ṣàmsíátù nìyí.” Obìnrin tó ń wá ẹni tí yóò dárúkọ òun nínú ilé yẹn, kò sí àlejò tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ fún mọ́.